Káàdì PABX Tó Kú: Ká Tún Un Ṣe, Ká Ra Tòkunbọ̀, Àbí Ká Pa Gbogbo Rẹ̀ Tì? Ìfiwéra fún Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Òṣogbo

Bí íńtákọ̀mù ọ́fíìsì bá ti dákẹ́, ohun tí ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ béèrè ni "Èló ni tuntun?" Ìbéèrè yẹn yá jù. Nínú àpótí PABX kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so àwọn fóònù inú ilé iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ara wọn àti mọ́ láìnì ìta, ohun mẹ́rin ló lè kú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: káàdì tó ń gbé àwọn fóònù inú ilé, káàdì tó ń gba láìnì láti ìta, páwà tó ń fún gbogbo wọn níná, àti bọ́ọ̀dù àgbà tó ń darí wọn. Èyí tó bá kú nínú wọn ló máa sọ ibi tó yẹ kí owó yín gbà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdájọ́ mi, kí ẹni tí ọjà ń dúró dè lè tètè máa lọ. Káàdì fóònù inú ilé, ẹ wá tòkunbọ̀ rẹ̀. Páwà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe níbí. Káàdì láìnì ìta, ẹ má tíì ra ohunkóhun, mo ní ìbéèrè kan láti bi yín nípa rẹ̀. Bọ́ọ̀dù àgbà, ẹ kí i pé ó dìgbà.

Kí ẹ tó dá káàdì lẹ́bi

Ọ̀pọ̀ káàdì tí wọ́n ní ó ti kú ni kò ṣe nǹkan kan. Eku ló jẹ wáyà nínú àjà, tàbí omi òjò ló ráyè wọ àpótí tí wáyà ti pàdé lẹ́yìn ilé. Ẹ mú fóònù kan tó dá yín lójú pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé e lọ síbi tí àpótí PABX wà, ẹ yọ wáyà yàrá tó ń yọ yín lẹ́nu kúrò lójú ihò rẹ̀, kí ẹ sì ki fóònù yẹn bọ ihò náà tààrà. Bí ìró láìnì bá dún dáadáa níbẹ̀, káàdì ò jẹ̀bi, wáyà ni kí ẹ máa tọ̀ lọ. Bí kò bá dún, ẹ gbìyànjú ihò tó tẹ̀lé e, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ihò kan ṣoṣo ló ń ṣàìsàn ni àbí odindi káàdì.

Iye fóònù tó dákẹ́ náà máa ń tú àṣírí. Ká sọ pé Alhaja kan tó ní hòtẹ́ẹ̀lì lápá Òkè-Fíà pe ẹni tó ń bá a tọ́jú ẹ̀rọ:

"Ẹ̀ńjiníà, ẹ jọ̀ọ́ o, káàdì ti jó. Fóònù òkè ò lọ mọ́."

"Ẹ kú wàhálà, mà. Ṣé gbogbo yàrá òkè ni, àbí àwọn kan?"

"Yàrá mẹ́jọ ni wọ́n kà fún mi."

"Ṣé àwọn mẹ́jọ náà tẹ̀lé ara wọn lára àpótí nísàlẹ̀, mà?"

Alhaja ò ní mọ ìyẹn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ìdáhùn ìbéèrè yẹn nìkan tó láti yà ọ̀nà méjì sọ́tọ̀. Bí yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá wà lórí káàdì kan náà, a fura sí káàdì náà tàbí àyè tó jókòó sí. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri káàdì mẹ́ta, tó sì jẹ́ pé ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn wà, wáyà ńlá tó gbé láìnì lọ sórí òkè ló ní ẹjọ́ rò. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bínú sí àpótí tí kò ní ìwé kankan lára. Ẹni tó kọ́kọ́ so ó ì bá ti kọ ọ́ sílẹ̀: ihò kìíní, yàrá 101, ihò kejì, yàrá 102. Bébà kan ni, sẹ́lótéèpù ni wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò tí kò ní èrú: pípààrọ̀ àyè. Ẹ pa iná àpótí, ẹ yọ káàdì tí ẹ ń fura sí, kí ẹ gbé e sí àyè káàdì mìíràn tó jẹ́ irú kan náà, kí ìyẹn wá sí tirẹ̀. Ẹ tanná. Bí àìsàn bá bá káàdì lọ sí àyè tuntun, káàdì ló kú. Bó bá jókòó sí àyè àtijọ́ tó ń dààmú káàdì tó yè, àyè náà tàbí bọ́ọ̀dù àgbà ni, káàdì tuntun kò sì ní wo ó sàn láéláé. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń yọ káàdì nígbà tí iná ṣì wà lára ẹ̀rọ. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá kan gbà bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kéékèèké tó wà ní ọ́fíìsì wa kò gbà á, káàdì kan tó kú á sì di méjì. Nígbà ọyẹ́, tí ara gbogbo gbẹ, ẹ fọwọ́ kan irin àpótí tí a fi wáyà so mọ́lẹ̀ kí ẹ tó di káàdì mú, kí iná tó fara pamọ́ sára yín má baà pa á, kí ẹ sì fi etí rẹ̀ dì í mú. Ẹ fi ètò inú ẹ̀rọ pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó yọ nǹkan kan, torí ẹ̀rọ mìíràn máa ń rántí irú káàdì tó wà ní àyè kọ̀ọ̀kan, bí òmíràn bá wá jókòó síbẹ̀, ó lè kọ̀ ọ́ tàbí kó da nọ́ńbà yàrá rú.

Bí mítà bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ wọn iná tó ń jáde lójú ihò fóònù inú ilé nígbà tí fóònù wà lórí ìjókòó rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, nǹkan bíi volt 48 ni yóò hàn. Àwọn kéékèèké kan kì í ju nǹkan bíi 24 sí 30 lọ. Nítorí náà, ẹ má há nọ́ńbà kan sórí, ihò tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá gbé fóònù sókè, iná náà gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ gidi. Bí kò bá já, láìnì kò dé ọ̀dọ̀ fóònù. Bó bá jẹ́ òdo láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú ihò yẹn ti lọ.

Àìsàn kan wà tó máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ: fóònù ń pe jáde, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ kì í dún bí wọ́n bá pè é. Iná tó ń mú fóònù dún yàtọ̀ sí iná tó ń gbé ohùn. Nǹkan bíi volt 75 sí 90 ni, ó sì máa ń yí padà ní nǹkan bíi ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tútù di wáyà mú lásìkò tí ìpè wọlé kò ní gbàgbé ọjọ́ náà. Bí kò bá sí fóònù kankan tó ń dún nínú ilé, ibi tí iná yẹn ti ń wá, tó sábà máa ń wà lára páwà, ni kí ẹ lọ. Bó bá jẹ́ fóònù kan ṣoṣo, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ti yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ wò ó.

Ẹ̀rọ tó ń gbàgbé ètò ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ kò nílò káàdì rárá. Bátìrì kékeré tó rí bí owó ẹyọ lórí bọ́ọ̀dù ló ti gbẹ.

Àwọn ọ̀nà tó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ohun tó kú | Àtúnṣe níbí | Tòkunbọ̀ irú kan náà | Ẹ̀rọ tuntun |
|---|---|---|---|
| Ihò kan lórí káàdì | Kò yẹ. Ẹ gbé yàrá náà lọ sí ihò tó ṣófo | Àṣejù ni | Àṣejù ni |
| Odindi káàdì fóònù inú ilé | Nígbà mìíràn, bó bá jẹ́ fíúsì ojú rẹ̀ ló jó | Èyí ló dára jù | Bí ẹ̀rọ bá ti gbó tí káàdì kò sì sí lọ́jà |
| Káàdì láìnì ìta | Ó ṣòro | Ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ìsàlẹ̀ | Ó sábà máa ń bọ́gbọ́n mu |
| Páwà | Èyí ló dára jù | Kò burú bí ẹ bá rí i, àmọ́ ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n | Rárá |
| Bọ́ọ̀dù àgbà | Rárá | Ewu ni | Bẹ́ẹ̀ ni |

N kò kọ iye owó síbẹ̀. Nǹkan wọ̀nyí ń tẹ̀lé dọ́là, ohun tí mo bá kọ lónìí lè ti di irọ́ lọ́la.

Ihò tó ṣófo: ọ̀nà tí kò gba kọ́bọ̀

Àwọn oníṣòwò káàdì kì í dárúkọ èyí, nítorí náà ni mo ṣe fi í ṣíwájú. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní fóònù lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́, torí gbogbo òṣìṣẹ́ ló ní fóònù lápò. Ẹ yí ilé iṣẹ́ yín po, kí ẹ ka iye tí wọ́n ń lò ní tòótọ́. Bí káàdì ihò mẹ́jọ bá kú, tó sì jẹ́ pé ihò mẹ́fà ló ṣófo lórí àwọn tó kù, yàrá méjì péré ni wàhálà yín. Ẹ gbé wáyà àwọn mẹ́fà lọ síbi tó ṣófo, ẹ wọ inú ètò ẹ̀rọ láti fún ihò tuntun ní nọ́ńbà àtijọ́, kí ẹni tó ń pe ibi ìgbàlejò tàbí ibi ìgbowó má baà mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Hòtẹ́ẹ̀lì nìkan ni èyí kì í sábà ṣiṣẹ́ fún, torí àlejò tó sanwó yàrá fẹ́ kí fóònù wà nínú rẹ̀, pàápàá ní oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun bá kó èrò wọ ìlú, tí kò sí yàrá tó ṣófo.

Àtúnṣe níbí tàbí káàdì tòkunbọ̀

Páwà ni mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún pé ó ṣeé tún ṣe. Ohun tó máa ń pa á ni kápásítọ̀ tó wú lórí, fíúsì tó já, tàbí ohun ìdènà iná àpọ̀jù tó jó nítorí pé iná padà wọlé pẹ̀lú agbára. Ẹni tó ń tún ínfátà àti tẹlifíṣọ̀n ṣe mọ gbogbo wọn, ohun èlò rẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ń tún ara rẹ̀ tan láìsí ìdí, tàbí kí ìró "hùùù" wà nínú gbogbo ìpè. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ kápásítọ̀, iye tó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ rà. Volt rẹ̀ lè ga ju ti àtijọ́, kò gbọ́dọ̀ kéré, ẹ sì yan èyí tí wọ́n kọ 105°C sí lára ju ti 85 lọ, torí yàrá tí àwọn àpótí yìí ń gbé máa ń gbóná bí ilé ìdáná. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ o: kápásítọ̀ ńlá tó wà níbi tí iná ti ń wọlé máa ń di nǹkan bíi volt 325 mú, ó sì lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ pílọ́ọ̀gì.

Káàdì fóònù inú ilé yàtọ̀. Ojú ihò kọ̀ọ̀kan ní IC tirẹ̀, ègé ẹ̀rọ dúdú kékeré, tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù láti ojú òkè, láìsí ẹsẹ̀ tó wọnú rẹ̀. Bí ohun tó jó bá jẹ́ ìdènà kékeré tó wà ṣáájú IC náà, ọmọ tó mọ sódà á tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá jẹ́ IC fúnra rẹ̀, owó ọkọ̀ tí wọ́n á ná láti wá a lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó káàdì tòkunbọ̀.

Tòkunbọ̀ wá ní ọ̀fìn tirẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára káàdì ni kí ẹ fi wá a, ẹ má fi orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan wá a. Ẹ wo Panasonic KX-TES824, tó wà káàkiri ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì kéékèèké. Láìnì ìta mẹ́ta àti fóònù inú ilé mẹ́jọ ló bá wá láti ilé, ó sì lè dé láìnì mẹ́jọ àti fóònù mẹ́rìnlélógún. Káàdì KX-TE82474 ń fi fóònù mẹ́jọ kún un, KX-TE82483 ń fi láìnì mẹ́ta àti fóònù mẹ́jọ kún un, KX-TE82480 sì ń fi láìnì méjì kún un. Ẹni tó bá pe Èkó tó ní "ẹ fi káàdì mẹ́jọ Panasonic ránṣẹ́ sí mi" kò tíì sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá fi èyí tí kò yẹ ránṣẹ́ láti Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ̀yin lẹ ó sanwó ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ ya fọ́tò káàdì yín níwájú àti lẹ́yìn, kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn, kí ẹ ní kí oníṣòwò ya ti òun náà.

Bó bá dé, ẹ wò ó bóyá ibì kan dúdú, bóyá ẹnì kan ti sódà rẹ̀ rí, bóyá wúrà etí rẹ̀ ti bó. Àdéhùn tó dára ni pé kó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ yín kí owó tó kù tó jáde. Ọlọ́jà tó bá kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń tà. Ẹ fi sọ́kàn pẹ̀lú pé Panasonic ti kéde pé òun ń jáwọ́ nínú ṣíṣe PABX, tó túmọ̀ sí pé tòkunbọ̀ tó wà lọ́jà ni ẹ óò máa pín láàárín ara yín títí yóò fi tán. Fún ẹ̀rọ tó ṣì lágbára, mo ṣì máa rà á, kódà n óò ra méjì bí àyè bá gbà mí.

Láìnì ìta: ta ló ń fún un ní láìnì?

Ìbéèrè tí mo ṣèlérí nìyí. Wọ́n ṣe káàdì láìnì ìta fún ayé ìgbà tí wáyà NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ń wọ ilé. Láti oṣù kẹjọ 2001 tí GSM ti wọlé, wáyà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í di ìtàn. Nínú ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì Òṣogbo lónìí, ohun tó wà lẹ́yìn ihò láìnì ìta ni àpótí kékeré tí a ń ki SIM bọ̀, tó ní ihò tẹlifóònù lẹ́yìn. Àpótí yẹn ló ń ṣe bí ẹni pé NITEL ni òun.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá káàdì lẹ́bi, ẹ yọ wáyà kúrò nínú PABX, kí ẹ ki fóònù lásán bọ àpótí SIM náà. Bó bá ní ìró tó sì pe jáde, ihò káàdì ló kú. Bí kò bá ní ìró, tàbí tó ní ìró àmọ́ tí kò pe jáde, káàdì PABX kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí: káàdì ìpè ló tán, tàbí SIM tí wọn kò so mọ́ NIN ni wọ́n ti dí, tàbí páwà kékeré tí àpótí náà ń lò ti jó. Ẹ má ki fóònù bọ ihò láìnì ìta lára PABX kí ẹ wá sọ pé "kò ní ìró, ó ti kú." Ihò yẹn kì í fúnni níná, ńṣe ló ń gba iná lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò yẹ kó ní ìró rárá.

Bí ihò kan nínú mẹ́ta bá kú, ẹ gbé SIM lọ sí òmíràn, ó parí. Bí gbogbo wọn bá kú, ẹ fi àwọn méjì yìí wéra: àpótí SIM àti láìnì SIP. SIM kan, ìpè kan lẹ́ẹ̀kan: bí oníbàárà mẹ́ta bá pè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ nílò àpótí mẹ́ta, tàbí ẹ̀rọ kan tó gba SIM púpọ̀. Ó rọrùn, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà tí oníbàárà yín ti mọ̀ kò sì yí padà. Láìnì SIP ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, ó sì lè gbé ìpè mẹ́wàá lórí nọ́ńbà kan, àmọ́ bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń gbọ̀n, ohùn á máa já. Ọ̀nà méjì tí wọ́n sábà ń gbà di ohùn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni G.711 àti G.729: ìpè kan lórí G.711 ń jẹ nǹkan bíi kilobit 87 láàárín ìṣẹ́jú àáyá ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ní àbọ̀, lórí G.729, nǹkan bíi 31. Ìwọ̀n yẹn kéré, ohun tó ń pa ohùn ni íntánẹ́ẹ̀tì tó ń yára lójú yìí tó sì ń fà lójú yẹn. Fún ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé oògùn ní Ìgbọ̀nà tàbí Àlékúwodò, àpótí SIM ni mo máa fọwọ́ sí. Fún ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gba ìpè láti àárọ̀ títí di alẹ́, tó sì ní íntánẹ́ẹ̀tì fíbà, SIP ni, kí SIM kan wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ọjọ́ tí fíbà bá já.

Tí àrá bá ṣe é, àrá á tún ṣe é

Ẹni tó bá ra káàdì tuntun láìbéèrè ohun tó pa ti àtijọ́ ń ra ìsinmi ráńpẹ́ ni. Láti bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ààrá máa ń sán níbí, wáyà tó bá sì gba ojú ọ̀run láti ilé kan dé ilé kejì nínú ọgbà ni mọ̀nàmọ́ná ń wá. Bí káàdì bá kú lẹ́yìn òjò ńlá, tó sì jẹ́ pé àwọn ihò tó kú ni wáyà wọn jáde kúrò nínú ilé náà, ẹ ti mọ ọ̀daràn. Ohun ìdènà mọ̀nàmọ́ná kan wà tí wọ́n ń fi sí orí pátákó krone tí wáyà ti ń pàdé, ó ń darí iná àpọ̀jù wọlẹ̀ kó tó dé káàdì. Kò wúlò bí kò bá sí wáyà ilẹ̀ gidi tó dé irin tó wọ ilẹ̀ dáadáa. Mo ti rí wáyà ilẹ̀ tí wọ́n so mọ́ fèrèsé.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni apànìyàn kejì. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé Òṣogbo yìí gan-an ni National Control Centre wà, níbi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, síbẹ̀ kò sí àǹfààní kan pàtó tí àpótí PABX wa ń rí níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ náà sórí ínfátà tàbí UPS, kí ó má fi ojú gán-án-ní iná tààrà láti òpó.

Tí ẹ bá fẹ́ pa àtijọ́ tì

Bọ́ọ̀dù àgbà tó kú ló sábà máa ń gbé ènìyàn dé ìpàdé yìí. Ríra ẹ̀rọ oní-IP, èyí tó ń gbé ìpè gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà, ọ̀nà méjì ló pín sí, ìyàtọ̀ wọn sì tóbi lórí owó.

Àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi àwọn fóònù àtijọ́ àti wáyà wọn sílẹ̀, kí ẹ kàn fi ẹ̀rọ ìsopọ̀ oníhò púpọ̀ sí àárín, kí fóònù lásán máa bá ẹ̀rọ tuntun sọ̀rọ̀. Ìkejì ni kí ẹ kó fóònù IP sí orí gbogbo tábìlì, kí ẹ fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, kí ẹ sì ra swítìṣì tó ń fi iná ránṣẹ́ pẹ̀lú dátà.

Ohun tó máa ń yí ìdájọ́ mi padà ni bí ọgbà ṣe fẹ̀ tó. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbọ́dọ̀ kọjá mítà 100 kí swítìṣì mìíràn tó wà láàárín. Fóònù lásán lè gba orí wáyà rẹ̀ ju kìlómítà kan lọ láìmí kanlẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí géètì rẹ̀ jìnnà sí ọ́fíìsì ọ̀gá, tàbí ilé ìwòsàn tí ilé rẹ̀ fọ́n káàkiri, kò yẹ kó sọ wáyà àtijọ́ rẹ̀ nù. Ilé alájà mẹ́ta kan ṣoṣo lójú títì Ògo-Olúwa kò ní irú ìṣòro yẹn, kó ra fóònù IP kó sì gbádùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá yan ìkejì, ẹ rántí pé fóònù IP ń kú bí swítìṣì bá kú. Bí ínfátà bá gbé ẹ̀rọ àgbà ṣùgbọ́n tí kò gbé swítìṣì orí òkè, fóònù òkè ò ní lọ.

Àǹfààní kan tí mo fẹ́ràn lára àwọn ẹ̀rọ tuntun, bíi ti Yeastar, ni pé káàdì wọn ti kéré. Ihò méjìméjì ni module kọ̀ọ̀kan: S2 fún fóònù inú ilé méjì, O2 fún láìnì ìta méjì, SO fún ọ̀kan àti ọ̀kan. Bí àrá bá pa á, ihò méjì lẹ pàdánù, kì í ṣe mẹ́jọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lè lo Asterisk, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ PABX, tí Mark Spencer bẹ̀rẹ̀ ní 1999, tí kò sì gba owó àṣẹ. Lórí káàdì TDM400P tí wọ́n ń lò pẹ̀lú rẹ̀, module pupa ni láìnì ìta, àwọ̀ ewé ni fóònù inú ilé. Bí pupa bá ń ṣiṣẹ́ tí ewé sì dákẹ́ pátápátá, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti so wáyà páwà kọ̀ǹpútà mọ́ káàdì náà, nítorí ewé ló ń fún fóònù níná, ó sì nílò oúnjẹ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ module tí wọ́n ti fẹ́ jù nù jí dìde nípa wáyà yẹn nìkan.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, nígbà tí oníṣẹ́ bá parí, kó tó gba owó tó kù, ẹ ní kó kọ password ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún yín, kó sì fi ètò inú rẹ̀ sórí fláàṣì kan tí yóò wà lọ́dọ̀ yín. Bí kò bá yí password padà kúrò lára èyí tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́, ẹ ní kó yí i padà lójú yín, torí 1234 ni tí ọ̀pọ̀ Panasonic, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ ọ́n.